Yàrá Ìwádìí Yunifásítì àti Oníṣòwò Ìta: Àdéhùn Ni Kọ́kọ́rọ́ Ilẹ̀kùn

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bí ọ̀rọ̀ yunifásítì àti oníṣòwò ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyí. Obìnrin tó ń yan gaàrí fún títà nínú ọ̀rá, ọkùnrin tó ń rọ epo pupa sínú ìgò, àti ẹni tó ń kó ẹ̀wà lọ sí òkè òkun, gbogbo wọn ní ọjà, wọ́n ní òṣìṣẹ́, wọ́n sì mọ oníbàárà wọn. Ohun tí wọn kò ní ni ẹ̀rọ tó lè sọ ohun tí ojú kò lè rí nínú ọjà náà. Yunifásítì ní ẹ̀rọ, ó sì ní ọ̀mọ̀wé tó mọ̀ ọ́n lò, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, owó àtitún ẹ̀rọ ṣe àti owó epo jẹnẹrétọ̀ ni kò sí.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn yunifásítì káàkiri àgbáyé ti rí ọ̀nà tí àwọn méjèèjì lè fi ran ara wọn lọ́wọ́: kí yunifásítì ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìwádìí rẹ̀, kí oníṣòwò ìta wọlé, kó sanwó, kó sì lo ohun tó wà níbẹ̀. Ètò yìí ti sọ ilé-iṣẹ́ kéékèèké di ńlá, ó sì ti gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ó níbi tó ti ń forí ṣánpọ́n pẹ̀lú. Ohun tó máa ń fa ìyàtọ̀ kì í sábà jẹ́ bí ẹ̀rọ ṣe pọ̀ tó. Àdéhùn tó wà láàárín onílé àti àlejò ni.

Ọ̀nà mẹ́rin tí ilẹ̀kùn ń gbà ṣí

Ọ̀nà àkọ́kọ́, tó sì wọ́pọ̀ jù lọ, ni kí oníṣòwò gbé ọjà rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò. Yóò fi ìwọ̀nba díẹ̀ sílẹ̀, yóò sanwó, òṣìṣẹ́ yàrá ìwádìí yóò sì fún un ní ìwé èsì. Bí àpẹẹrẹ, ìlànà oúnjẹ Codex, tí àjọ FAO àti WHO jọ dá sílẹ̀, sọ pé oró sáyánáìdì inú gaàrí kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 2 lọ nínú kìlógíráàmù kan. Ti ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ kò sì gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 10 lọ. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi ẹnu tọ́ gaàrí wò kó mọ iye yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni aró Sudan tí àwọn ọ̀bàyéjẹ́ kan ń dà sínú epo pupa kó lè pọ́n, èyí tí àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ lé lórí. Lójú lásán, aró náà àti pupa tí Ọlọ́run dá mọ́ epo kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń ya èròjà inú nǹkan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ máa ń tú àṣírí rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìta fúnra rẹ̀ wọlé lo ẹ̀rọ. Wọn yóò kọ́kọ́ kọ́ ọ ní ìlò ẹ̀rọ náà àti ìlànà ààbò, lẹ́yìn náà wọn yóò máa ka iye wákàtí tó bá lò, wọn yóò sì gbowó rẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni ìwádìí àjọṣe: oníṣòwò á mú ìṣòro rẹ̀ wá, ọ̀jọ̀gbọ́n àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ á sì wá ojútùú sí i. Ọ̀nà kẹrin ni kí yunifásítì yọ̀ǹda ilẹ̀ tàbí iyàrá fún ilé-iṣẹ́, kí àwọn tó ń ṣòwò àti àwọn tó ń ṣèwádìí lè máa gbé ládùúgbò kan náà.

Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní ìṣòro tirẹ̀. Ẹni tó kan fẹ́ mọ iye oró inú gaàrí kò nílò ìwé àdéhùn olójú ewé ogún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀jọ̀gbọ́n bá òun ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìsí ìwé.

Ọgọ́rùn-ún dọ́là ní Stanford

Ìtàn kan wà tó fi bí ètò yìí ṣe lè so èso tó hàn kedere. Ní ọdún 1937, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Russell Varian àti Sigurd Varian, gba àyè iṣẹ́ ní Yunifásítì Stanford, ní ìpínlẹ̀ California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Russell ti kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ físíìsì ní Stanford tẹ́lẹ̀. Awakọ̀ òfuurufú ni Sigurd. Ohun tó ń jẹ Sigurd lọ́kàn ni pé awakọ̀ òfuurufú kì í ríran nínú òkùnkùn àti kùrukùru, àti pé bí ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá bá ń bọ̀ lóru, kò sí ohun tí yóò ta àwọn ará ìlú lólobó. Wọ́n gbà pé ìgbì rédíò kúkúrú lè ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n wọn kò ní yàrá ìwádìí tó tó o ṣe.

Àdéhùn tí yunifásítì bá wọn ṣe kò gùn. Yunifásítì kò ní san owó oṣù fún wọn. Yóò fún wọn láyè nínú yàrá ìwádìí físíìsì, wọn yóò lè máa bá àwọn olùkọ́ ibẹ̀ fikùn lukùn, yóò sì fún wọn ní 100 dọ́là láti fi ra ohun èlò. Bí ohunkóhun bá ti ibẹ̀ jáde tó sì mówó wọlé, ìdajì jẹ́ ti yunifásítì.

William Hansen, olùkọ́ físíìsì tó ti bá Russell gbé iyàrá kan náà nígbà tí wọ́n wà ní akẹ́kọ̀ọ́, ti ṣe ohun èlò kan tí iṣẹ́ àwọn Varian dúró lé. Kí ọdún 1937 náà tó parí, wọ́n ti ṣe túùbù kan tí wọ́n pè ní klystron, èyí tó ń fún ìgbì rédíò kúkúrú lágbára. Túùbù náà wúlò fún ẹ̀rọ rédà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Owó tó ti ibẹ̀ wọ àpò Stanford lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là.

Ní ọdún 1948 ni àwọn Varian àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá ilé-iṣẹ́ Varian Associates sílẹ̀. Nígbà tí Stanford ya ilẹ̀ rẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní ọdún 1951, Varian ló kọ́kọ́ gba àyè níbẹ̀. Ilẹ̀ náà wà lára ibi tí agbègbè tí gbogbo ayé mọ̀ sí Silicon Valley lónìí ti gbèrú.

Iṣẹ́ túùbù yìí kò mọ sórí rédà. Òun náà ni wọ́n lò láti fún ẹ̀rọ tó ń ta ìtànṣán sí àrùn jẹjẹrẹ lágbára. Ní ọdún 1956, Dókítà Henry Kaplan, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí òun àti Edward Ginzton jọ ṣe ní Stanford, tọ́jú ọmọdékùnrin kan tó ní jẹjẹrẹ ojú, ojú kan tó kù fún ọmọ náà kò sì fọ́. Varian wá di ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jù lọ lágbàáyé, kó tó di pé Siemens Healthineers ti ilẹ̀ Jámánì rà á ní ọdún 2021.

Nígbà tí wọ́n ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní Ìdí-Àràbà, l'Ékòó, ní oṣù kejì, ọdún 2019, ibùdó tí wọ́n ná mílíọ̀nù 11 dọ́là lé lórí, ẹ̀rọ Varian ni wọ́n gbé síbẹ̀. Aláìsàn tó ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ náà l'Ékòó ń jẹ àǹfààní ilẹ̀kùn tí yunifásítì kan ṣí fún tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ní ohun tó lé ní ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí kì í ṣe ti owó. Ọgọ́rùn-ún dọ́là kò pọ̀, kódà nígbà náà. Ohun tó gbé iṣẹ́ náà dúró ni pé kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ohun èlò, kálukú ti mọ ohun tí òun mú wá àti ohun tí yóò kan òun bí iṣẹ́ bá yọrí sí rere.

Bí àwọn ilẹ̀ mìíràn ṣe tò ó

Àdéhùn àwọn Varian jẹ́ ti ènìyàn méjì àti yunifásítì kan. Nígbà tó yá, àwọn ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í sọ irú rẹ̀ di ètò fún gbogbo ènìyàn. Ní ọdún 1977, àjọ tó ń náwó lé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lórí ní Amẹ́ríkà, National Science Foundation, fi owó sílẹ̀ fún Yunifásítì Cornell ní ìlú Ithaca láti dá ibùdó kan sílẹ̀ tí wọn yóò ti máa ṣe àwọn ohun tín-ín-tìn-ín tí ojú kò lè rí, irú èyí tó wà nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n púpọ̀, nítorí náà, wọn kò dá ibùdó náà sílẹ̀ fún àwọn ará Cornell nìkan. Olùwádìí láti yunifásítì mìíràn àti òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni lè wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó, kí wọ́n sì sanwó. Owó tí ilé-iṣẹ́ ń san ju ti akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ní ọdún 2015, ibùdó mẹ́rìndínlógún irú rẹ̀ ni àjọ náà so pọ̀ káàkiri Amẹ́ríkà.

Ní ọdún 1980, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní Bayh-Dole. Òfin náà gba yunifásítì láyè láti di oníǹkan lórí ohun tuntun tí owó ìjọba àpapọ̀ bá bí nínú yàrá ìwádìí rẹ̀, kó sì yá ilé-iṣẹ́ lò pẹ̀lú àdéhùn. Ṣáájú òfin yìí, ọwọ́ ìjọba ni ọ̀pọ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń wà, tí kò sì sí ẹni tó ń mú un dé ọjà.

Ní Japan, ibùdó SPring-8, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1997, kì í ṣe ti yunifásítì, ṣùgbọ́n ìlànà kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ yàrá ìwádìí lè kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀. Ẹni tó bá gbà láti gbé èsì iṣẹ́ rẹ̀ jáde kí gbogbo ayé rí i kì í san owó ìlò ìtànṣán ẹ̀rọ náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ pa èsì tirẹ̀ mọ́. Ẹni tó fẹ́ àṣírí ni yóò san owó àṣírí. Ìlànà yìí bọ́gbọ́n mu, nítorí owó ará ìlú ni wọ́n fi ra ẹ̀rọ. Bí ìmọ̀ kò bá padà sọ́dọ̀ ará ìlú, ó yẹ kí owó padà.

Ní ìlú Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni Andre Geim àti Konstantin Novoselov ti yọ ohun kan tí wọ́n ń pè ní graphene láti ara òkúta dúdú inú pẹ́ńsùlù ní ọdún 2004, tí wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí ní ọdún 2010. Ní oṣù kejìlá, ọdún 2018, yunifásítì náà ṣí ibùdó kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti bá ilé-iṣẹ́ sọ ìmọ̀ náà di ọjà. Ilé-iṣẹ́ tó bá wọ ẹgbẹ́ ibùdó náà lè gba àyè nínú rẹ̀, kó sì lo ohun èlò ibẹ̀.

Èyí tó sún mọ́ ìgbé-ayé wa jù lọ ni ti Gúúsù Áfíríkà. Ibẹ̀ ni ìjọba ti fi àwọn ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ kan sínú yunifásítì, lábẹ́ àbójútó àjọ tí wọ́n ń pè ní Technology Innovation Agency. Àwọn oníṣòwò kéékèèké ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ibùdó tó wà ní Cape Peninsula University of Technology, ní Cape Town, ń ṣe ti oúnjẹ: ẹni tó ń se ọbẹ̀ inú ìgò tàbí tó ń gbẹ èso lè lọ síbẹ̀ kí wọ́n bá a mọ iye ọjọ́ tí ọjà rẹ̀ lè lò kó tó bàjẹ́ àti ohun tó yẹ kó kọ sára rẹ̀.

Nílẹ̀ Nàìjíríà ńkọ́?

Ẹ̀rọ wà nílẹ̀ Nàìjíríà. Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1948, ní yàrá ìwádìí àjọlò kan, Multidisciplinary Central Research Laboratory, tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ púpọ̀ jọ ń lò. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní Central Science Laboratory. Ní Ifẹ̀ kan náà, ibùdó ìwádìí agbára, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1976, ní ẹ̀rọ ńlá kan tó lè sọ irú èròjà tó wà nínú erùpẹ̀, eruku tàbí irin. Ní Zaria, Yunifásítì Ahmadu Bello ní ẹ̀rọ átọ́míìkì kékeré tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2004, tí òun náà wà fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀.

Ìmọ̀ náà wà pẹ̀lú. Ní oṣù keje, ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola wọ Èkó, yàrá ìwádìí ilé-ìwòsàn LUTH àti ti Yunifásítì Redeemer's, tó wà ní Ẹdẹ, ló fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Ebola ni. Ní oṣù kẹta, ọdún 2020, ibùdó Ẹdẹ kan náà wà lára àwọn tó ka àkọsílẹ̀ inú kòkòrò àrùn Kòrónà tí wọ́n rí ní Nàìjíríà, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé yàrá ìwádìí yunifásítì kò lè ṣe ohun tí ará ìta nílò lásìkò tó nílò rẹ̀, ìtàn méjì yìí já a ní koro.

Èrò pé kí olùwádìí ran oníṣòwò lọ́wọ́ kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Iléeṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Oṣòdì, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1956, ló ṣe ètò bí ẹ̀rọ yóò ṣe máa ṣe gaàrí, òun náà ló ṣe ògì tí wọ́n fi sóyà sí. Láti ọdún 2006, àjọ NOTAP ti ń dá ọ́fíìsì sílẹ̀ nínú yunifásítì àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga mìíràn láti máa bójú tó ẹ̀tọ́ lórí ohun tuntun àti bí yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́. Ní ọ́fíìsì yìí ni ó yẹ kí oníṣòwò ti bẹ̀rẹ̀ bí ohun tó fẹ́ bá ju àyẹ̀wò lásán lọ.

Ẹ̀wà tí òkè òkun kò gbà

Ohun tó wà nínú ewu bí oníṣòwò àti yàrá ìwádìí kò bá pàdé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní oṣù kẹfà, ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, wọ́n sì sún òfin náà síwájú lẹ́yìn náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Oògùn apakòkòrò kan tó ń jẹ́ dichlorvos ni wọ́n rí nínú rẹ̀. Iye tí òfin wọn gbà ni mílígíráàmù 0.01 nínú kìlógíráàmù kan. Ohun tí wọ́n rí wà láàárín 0.03 àti 4.6.

Kí òǹkàwé lè mọ bí iye náà ṣe kéré tó, nínú ẹ̀wà tó wúwo tó kìlógíráàmù 1,000, gbogbo oògùn tí wọ́n lè gbà kò ju mílígíráàmù 10 lọ. Iyọ̀ tó kún ṣíbí tíì kan wúwo tó bíi gíráàmù 6. Bí a bá pín iyọ̀ náà sí ọ̀nà 600, ìpín kan péré ni oògùn tí àpò ẹ̀wà mẹ́wàá, oníkìlógíráàmù 100 kọ̀ọ̀kan, lè gbà. Ojú, imú àti ahọ́n kò lè rí i. Ẹ̀rọ nìkan ló lè rí i.

Bí ẹ̀pà ṣe rí náà nìyẹn. Oró èéhù tí wọ́n ń pè ní aflatoxin kò gbọdọ̀ ju máíkírógíráàmù 4 lọ nínú kìlógíráàmù kan ẹ̀pà jíjẹ kí Yúróòpù tó gbà á. Ẹni tó kó ẹ̀pà sínú ọkọ̀ ojú omi láìyẹ̀ ẹ́ wò kò yàtọ̀ sí ẹni tó ta tẹ́tẹ́. Bí wọ́n bá dá a padà, owó ọkọ̀, owó ọjà àti orúkọ ló bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni àgbẹ̀ tí kò fi oògùn kankan sí ẹ̀wà tirẹ̀ kò rí tà, nítorí òfin náà kò mọ ẹni tó jẹ̀bi yàtọ̀ sí ẹni tí kò jẹ̀bi. Àwọn ará ilé tó ń jẹ èyí tó kù ńkọ́? Ẹ̀wà kan náà ni wọ́n ń jẹ.

Ohun tó ń dí ọ̀nà

Ìdènà àkọ́kọ́ ni iná mànàmáná àti àtúnṣe. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àyẹ̀wò kò fẹ́ kí iná máa lọ kó máa bọ̀. Àwọn mìíràn nílò gáàsì mímọ́ àti èròjà tó ń ti òkè òkun wá. Ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ ètò láti fún àwọn yunifásítì ní iná tiwọn. Ní ọdún 2019, wọ́n ṣí ibùdó iná oòrùn mégáwáàtì 7.1 ní Yunifásítì Bayero ní Kánò. Ṣùgbọ́n ibi tí irú rẹ̀ kò bá tíì dé, owó tí oníṣòwò bá san fún àyẹ̀wò ni ó yẹ kó máa tún ẹ̀rọ ṣe. Bí owó náà bá wọ àpò gbogboogbò yunifásítì tí kò padà sí yàrá ìwádìí mọ́, kò ní pẹ́ tí ẹ̀rọ yóò fi di ohun tí wọ́n fi aṣọ bò.

Ìdènà kejì ni ìgbàgbọ́. Ìwé èsì tí ará òkè òkun yóò gbà gbọ́dọ̀ wá láti yàrá ìwádìí tó ní ìfọwọ́sí lábẹ́ ìlànà ISO/IEC 17025, èyí tí wọ́n tún ṣe kẹ́yìn ní ọdún 2017. Ìlànà náà kò béèrè bóyá ọ̀jọ̀gbọ́n ló ṣe àyẹ̀wò. Ó ń béèrè bí wọ́n ṣe gba ọjà tí wọ́n yẹ̀ wò, bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀, ìgbà tí wọ́n yẹ ìwọ̀n ẹ̀rọ wò kẹ́yìn, àti bóyá ẹlòmíràn ṣe àyẹ̀wò kan náà yóò rí èsì kan náà. Ẹ̀rọ olówó ńlá tí kò ní ìwé wọ̀nyí dà bí òṣùwọ̀n ọjà tí ẹnikẹ́ni kò fi òǹtẹ̀ lù.

Ìdènà kẹta ni ìwà òtítọ́. Oníṣòwò tó sanwó lè fẹ́ kí èsì dára. Yàrá ìwádìí tó bá yí èsì padà nítorí owó ti ta orúkọ gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àyẹ̀wò ni wọ́n ń tà, wọn kò ta èsì.

Ìdènà kẹrin ni àsìkò. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba ní ọdún 2022 gba oṣù mẹ́jọ, láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá. Ọjà tó fẹ́ bàjẹ́ kò lè dúró de irú ìyẹn. Yunifásítì tó bá fẹ́ kí oníṣòwò fọkàn tán òun gbọ́dọ̀ sọ ọjọ́ tí èsì yóò jáde, kó sì ní òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ yìí gan-an jẹ́ tirẹ̀, tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi ọwọ́ kan ṣe é.

Ìdènà karùn-ún jẹ́ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn yàrá àyẹ̀wò aládàáni. Bí ilé-iṣẹ́ bá ń lo ẹ̀rọ láti òwúrọ̀ di alẹ́, níbo ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀? Bí yunifásítì bá sì ń gba owó tó kéré ju bó ṣe yẹ lọ nítorí pé ìjọba ló ra ẹ̀rọ, aládàáni tó yá owó ra tirẹ̀ yóò kógbá wọlé. Ìdí nìyí tí àwọn ibi tí wọ́n ti ṣe é dáadáa fi máa ń ya wákàtí akẹ́kọ̀ọ́ sọ́tọ̀, tí wọ́n sì máa ń gba owó tó kájú iṣẹ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́.

Ta ló ni ohun tuntun?

Ọ̀rọ̀ tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni ti ẹni tó ni ohun tí ìwádìí bá bí. Òfin Nàìjíríà lórí ìwé ẹ̀tọ́ ohun tuntun, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1970, dáhùn ìbéèrè yìí dé àyè kan. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ìwé sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ni òfin mọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, bí ohun náà bá jáde nínú iṣẹ́ oṣù tàbí iṣẹ́ tí ẹnì kan gbé fún ẹlòmíràn ṣe pẹ̀lú àdéhùn, ẹ̀tọ́ jẹ́ ti agbanisíṣẹ́ tàbí ti ẹni tó gbé iṣẹ́ náà fúnni. Lẹ́ẹ̀kẹta, ohun náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Bí wọ́n bá ti fi í han aráyé kí wọ́n tó fìwé sílẹ̀, ó lè ti bọ́ sọ́nù. Ẹ̀tọ́ náà kì í sì í ju ogún ọdún lọ.

Níbi ìkẹta yìí ni ọ̀jọ̀gbọ́n àti oníṣòwò ti máa ń forí gbárí. Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde nínú ìwé ìmọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìgbéga rẹ̀ wà. Oníṣòwò fẹ́ kí ó dákẹ́. Ojútùú tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n jọ fi iye oṣù kan sínú àdéhùn tí ọ̀jọ̀gbọ́n yóò fi ní sùúrù, kí ìwé ẹ̀tọ́ lè wọlé, lẹ́yìn náà kó gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde.

Ohun tó yẹ kí oníṣòwò béèrè kó tó sanwó

Kí oníṣòwò tó gbé ọjà rẹ̀ lọ sí yàrá ìwádìí yunifásítì kankan, ó yẹ kó béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí. Kí ni àyẹ̀wò tí ẹni tí yóò ra ọjà náà ń fẹ́ gan-an, kó má baà san owó àyẹ̀wò mẹ́wàá nígbà tó jẹ́ pé méjì ni wọ́n béèrè? Ṣé yàrá ìwádìí náà ní ìfọwọ́sí fún àyẹ̀wò yẹn gan-an? Ìfọwọ́sí fún àyẹ̀wò omi kì í ṣe ìfọwọ́sí fún ti ẹ̀wà. Báwo ni kó ṣe mú ọjà wá: inú ike ni tàbí inú ìgò, nínú yìnyín ni tàbí bẹ́ẹ̀? Láti àpò mélòó ni kó ti bù ú? Ẹni tó bù ú láti orí àpò kan ṣoṣo kò tíì yẹ ẹrù rẹ̀ wò. Ọjọ́ wo ni èsì yóò jáde, ta sì ni yóò fọwọ́ sí i? Ta ló lè rí èsì náà yàtọ̀ sí òun?

Ó tún yẹ kó gba rìsíìtì yunifásítì fún owó tó san. Owó tí ènìyàn bá fi lé òṣìṣẹ́ kan lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé kò so yunifásítì mọ́ ohunkóhun. Bí NAFDAC bá sì ni ọjà náà ń lọ bá, kó má rò pé ìwé yunifásítì lè dípò àyẹ̀wò tí NAFDAC yóò ṣe fúnra rẹ̀. Ìwúlò ìwé yunifásítì ni pé oníṣòwò yóò ti mọ àléébù ọjà rẹ̀, yóò sì ti tún un ṣe, kó tó dé iwájú ìjọba tàbí ẹnubodè òkè òkun.

Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ọ̀tún bá wẹ òsì, tí òsì sì wẹ ọ̀tún, ọwọ́ á mọ́. Yunifásítì tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ yóò rí i kó gbó níbẹ̀. Oníṣòwò tó bẹ̀rù ẹnubodè yunifásítì yóò máa kó ọjà tí kò mọ inú rẹ̀ káàkiri. Àwọn Varian kò mú ju ìbéèrè kan lọ dé Stanford, yunifásítì náà kò sì fún wọn ju àyè, ìmọ̀ràn, 100 dọ́là àti àdéhùn tó ṣe kedere lọ. Ẹ̀rọ Ìdí-Àràbà ń ṣiṣẹ́ lónìí nítorí pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fi èyí tó kẹ́yìn yẹn ṣeré.